Fíltà Mọ́kànlá

Mo ti sanwó tán kí bàbá tó ta ọkọ̀ fún mi tó wọlé lọ gbé àpò kan jáde. Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn mi nìyẹn. Ká ní ó ti gbé e jáde ní wákàtí kan ṣáájú, nígbà tí mo kúnlẹ̀ ti táyà iwájú, tí mò ń fi iná fóònù yẹ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ wò, tí mò ń ka àléébù sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, n kì bá tí ní ẹnu láti yọ £1,500 kúrò nínú owó tó pè é. £18,500 ló pè é. Mo ní òkúta ojú ọ̀nà ti ta iwájú rẹ̀ káàkiri. Mo ní kọ́ńdẹ́nsà éésì rẹ̀ ti ń jẹ. Mo ní táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti dàgbà jù, bí ojú wọn tilẹ̀ ṣì nípọn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wo ilẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Mo fi fóònù sanwó, a kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ọkọ̀, a bọ ara wa lọ́wọ́. Ìgbà náà ló ní kí n ṣe sùúrù díẹ̀.

Àpò ìrajà lásán ni, irú èyí tí ènìyàn ń kó ọ̀dùnkún sí. Ọ̀rá mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti fi bírò dúdú kọ ọjọ́ àti iye máìlì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fíltà ọ́ìlì ló wà nínú wọn, èyí tó ti yọ lára ọkọ̀ náà lọ́dọọdún, fún ọdún mọ́kànlá tó fi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bébà ni fíltà ọkọ̀ yìí, wọ́n ṣẹ́ ẹ po yí ike kan ká. Kàkà kó dà á nù, ńṣe ló máa ń fi ọ̀bẹ gé bébà náà kúrò lára ike, á jẹ́ kí ọ́ìlì rẹ̀ ro tán, á wá tú ìṣẹ́po rẹ̀ bí ìgbà tí obìnrin bá ń tú gèlè. Ó mú ọ̀kan jáde, ó nà án sókè sí oòrùn, ó ń fi ìka tọ ojú ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá àgbà ṣe máa ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. "Wò ó," ó ní, "kò sí ohun tó ń dán níbẹ̀." Ó dá a padà sínú ọ̀rá, ó gbé àpò náà lé mi lọ́wọ́. "Ọkọ̀ ló ni wọ́n," ó ní.

Porsche 911 ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1999, aláwọ̀ fàdákà, ó ti rin máìlì 112,000. Whitstable ni mo ti lọ rà á, létí òkun Kent, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé iyọ̀ wọ inú ilé. Bàbá náà kò tà á nítorí pé ó sú u. Orúnkún rẹ̀ òsì ni kò gba kílọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ẹni tí yóò mọ ìdí tí ènìyàn fi ń wá ohun tó ń dán nínú bébà, ó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì 911 wà, bí ọmọ ṣe ń wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì rí láti 1963 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e síta ní Frankfurt ní Jámánì. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára fún èyí tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Èyí tó jáde ní 1997, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní 996, ni àkọ́kọ́ tó ń lo omi, òun sì ni irú tèmi yìí. Nínú ẹ́ńjìnnì tuntun náà, ọ̀pá irin kan wà láàárín tó ń gba agbára lọ́wọ́ ọ̀pá ńlá, tó ń fi ṣéènì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣí fáàfù tí wọ́n sì ń pa á dé. Bíárìn kan ni ìdí ọ̀pá yìí ń yí lé lórí. Ọmọdé lè di bíárìn náà sí àtẹ́lẹwọ́. Girísì ni wọ́n fi sínú rẹ̀, wọ́n sì dé e pa. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa yọ́ wọlé, a fọ girísì náà dànù, ọ́ìlì tó wọlé kì í sì í pọ̀ tó láti rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ìhọ yẹn ló máa ń dán nínú fíltà. Bí bíárìn náà bá fọ́, ṣéènì á fò, fáàfù àti písítìn á kọlu ara wọn, gbogbo ẹ́ńjìnnì á sì di irin àlòkù. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ọkọ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀ sí kò pọ̀. Kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Ariwo rẹ̀ ló pọ̀. Àwọn tó ni irú ọkọ̀ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi àdéhùn parí rẹ̀ ní 2013; láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ 996 kó má dárúkọ bíárìn tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ ojú tún wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nǹkan kò rọrùn fún Porsche rárá, ọjà kò tà. Kí ilé má baà wó, wọ́n ṣe ọkọ̀ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 911 tuntun yìí àti Boxster tí owó rẹ̀ kéré sí i, wọ́n sì jẹ́ kí iwájú àwọn méjèèjì jọra, títí kan iná. Iná náà kò rí róbótó bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ṣàn wálẹ̀, àwọ̀ ọsàn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ní ẹyin díndín ló jọ. Ẹni tó ra 911 kò fẹ́ kí wọ́n ṣi ọkọ̀ òun mú fún ti aládùúgbò tó san owó díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ojú àti ọ̀rọ̀ bíárìn ṣe so pọ̀ nìyẹn, tí owó 996 fi wálẹ̀ ju ti gbogbo ẹbí rẹ̀ lọ. Ìgbà kan wà tí ènìyàn lè fi £10,000 rà á ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ tó gba ilé là ni wọ́n ń sọ pé ojú rẹ̀ kò dára. Mo ti wo ojú náà títí, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, n kò rí àbùkù kankan níbẹ̀.

Kí n tó dé Whitstable, mo ti kọ́kọ́ lọ wo òmíràn ní ilé ìtajà kan. Ti 2003 ni, wọ́n sì ti yí iná ojú rẹ̀ padà nígbà náà. Máìlì 31,000 péré ló wà lójú rẹ̀. Ó fi £7,000 wọ́n ju ti bàbá yìí lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún mi, òórùn awọ tuntun gbá mi nímú, àga awakọ̀ kò ní ìwúnjọ kankan, àfi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ rí. Ó wù mí. N kò ní purọ́, ó wù mí débi pé mo ti ń ronú ibi tí mo ti máa yá owó tó kù.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́wọ́ lè ka àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò tí ìjọba ń fi dandan mú un ṣe lọ́dọọdún. Iye máìlì wà níbẹ̀, ohun tí olùyẹ̀wò rí wà níbẹ̀, láti 2005 títí dé òní. Mo jókòó lóru ọjọ́ yẹn, mo ka ti ọkọ̀ méjèèjì bí ìgbà tí ènìyàn ń ka lẹ́tà. Ọkọ̀ oní-31,000 náà ti rin máìlì 400 ní ọdún mẹ́ta. Nínú ọdún kan, kò rin tó ìrìn ọjọ́ kan. Ti Whitstable ń rìn ní tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, láìdáwọ́ dúró, àwọn olùyẹ̀wò sì ń rí nǹkan kéékèèké sí i: páìpù bíréèkì ti ń dípẹtà, apá iwájú ọ̀tún ti ń mì. Ní ọdún tó bá tẹ̀ lé e, wọn kì í rí nǹkan náà mọ́. Ẹnì kan ti tún un ṣe.

Bọ̀dá kan wà tó ń tún mọ́tò ṣe lẹ́yìn Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù, Mushin ló ti kọ́ iṣẹ́, nítòsí ọjà Ladipo. Mo fi fọ́tò méjèèjì hàn án. Kò wo fọ́tò pẹ́. Ó ní, "Àbúrò, mọ́tò tó bá ń sùn, ọjọ́ tó bá jí ni wàá mọ̀ pé kì í ṣe oorun ló ń sùn." Ó ṣàlàyé pé ọ́ìlì tó bá dúró lójú kan a máa fa omi mọ́ra, rọ́bà a máa gbẹ, bíárìn tí kì í yí kì í rí ọ́ìlì mu. Ó tún ní bíárìn ọkọ̀ ti 1999, oríṣi tó ní ìlà ọmọ irin méjì ni, ó lágbára ju oní-ìlà kan tí wọ́n fi sínú ti 2003 lọ. Èyí tó gbówó lórí jù ló ní ìdí tó pọ̀ jù láti fọ́.

Ọ̀rọ̀ oorun yìí ló rán mi lọ sídìí àpótí ìyá mi. Sányán kan wà nínú àpótí yẹn tí ìyá mi wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láyé rẹ̀. A kì í fọwọ́ kàn án. Ó máa ń gbé e jáde lọ́dọọdún láti fi káńfọ̀ tuntun sí i, á tẹ́ ẹ lórí ibùsùn, á wò ó, á tún ṣẹ́ ẹ po lójú ibi tó ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, á dá a padà. "Aṣọ ọjọ́ ńlá ni," ó máa ń wí. Nígbà tó di olóògbé, tí a ṣí àpótí náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé sányán ọ̀hún dání, aṣọ náà sì gé lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìṣẹ́po. Kò fà á. Ó kàn gbé e ni, ó gé bí ewé gbígbẹ. Agbádá bàbá mi, èyí tó wọ̀ lọ sí gbogbo ìkómọ àti gbogbo òkú fún ogún ọdún, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti tún ọrùn rẹ̀ rán, àbúrò mi ṣì ń wọ̀ ọ́ di òní.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo gbọ́ òwe yìí títí ní kékeré, mo sì gbà pé àwọn àgbà kàn ń fi yangàn ni. Ọkọ̀ méjì yìí ni mo wò tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè bóyá mo gbọ́ ọ tán. Ẹni tó lákìísà ni ẹni tó wọ aṣọ, tó fọ̀ ọ́, tó lẹ̀ ẹ́, tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí ọjà fi ń san owó gọbọi fún aṣọ tí wọn kò wọ̀?

N kò rò pé ọjà gọ̀. Ọjà kò lè rí ọwọ́ ẹni tó tọ́jú nǹkan, nọ́ńbà ló lè rí, nọ́ńbà kì í sì í purọ́ bí ènìyàn ṣe ń purọ́. Ẹni tó bá ní òun tọ́jú ọkọ̀ dáadáa pọ̀ ju ẹni tó tọ́jú rẹ̀ lọ. Máìlì 31,000, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn nǹkan mìíràn tí ọjà ń wò kò tilẹ̀ ní ìdí tó yé mi: bí jíà bá jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ yí, owó á gòkè, bí òrùlé bá jẹ́ ti aṣọ tó ń ká, owó á wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó òrùlé aṣọ náà ló pọ̀ jù nígbà tí ọkọ̀ wà ní tuntun. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bó ṣe wu àwọn tó ń rà á lọ́dún yìí ni, lọ́dún mìíràn ó lè wù wọ́n lọ́nà mìíràn.

Nílé, tòkunbọ̀ là ń pe ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni, a sì fi pe ọkọ̀ nítorí òun náà ti òkè òkun bọ̀ wálé. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n a kì í béèrè ẹni tó bí ọmọ náà. Ọkọ̀ dé èbúté Cotonou tàbí Apapa, ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wà á ṣáájú, ẹni tó jí lówurọ̀ láti yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò, kò lójú, kò lórúkọ. A lè bu ọkọ̀ rẹ̀ kù bó ṣe wù wá, kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Ní Whitstable, mo dúró ní àgbàlá ẹni tó tọ́ ọkọ̀ náà dàgbà, mo sì sọ ohun tí mo sọ ní ojú rẹ̀.

Èmi náà mọ ọjà ná. Ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, bí mo bá ní tòmátì yìí ti rọ̀, ìyá ọlọ́jà á ní ojú mi ni kò ríran, a ó jọ rẹ́rìn-ín, á fi ẹyọ méjì ṣe ènì. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé eré ni, owó tó tọ́ sì wà níbì kan láàárín ẹnu rẹ̀ àti ẹnu mi. Bàbá Whitstable kò mọ eré náà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tí dókítà ń sọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ fún. Kò fèsì sí ọ̀kan ṣoṣo. Mo rí i, mo sì ń bá a lọ.

Mo ti rí irú ojú yẹn rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí bàbá mi ta Peugeot 504 rẹ̀. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó kà pé 901 ni wọ́n fẹ́ pe 911 ní 1963, àwọn Peugeot ló ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ló ni òdo àárín nínú orúkọ ọkọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ni Porsche bá fi ení rọ́pò òdo. Ó dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo kà á. Òdo tí wọ́n jà lé lórí yẹn wà lẹ́yìn ọkọ̀ bàbá mi, a sì máa ń fi ìka nù ún nígbà tí a bá ń fọ ọkọ̀.

Kaduna ni wọ́n ti to 504 náà pọ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀, kí a tó lọ sílé ìwé, bàbá mi á ṣí iwájú rẹ̀, á fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde, á fi àkísà kan nù ún, á tì í bọ̀ ọ́, á tún fà á jáde, á gbé e súnmọ́ ojú. Ìgbà míì á ní kí n wá wò ó. Àkísà náà, ara ìró ìyá mi àtijọ́ kan ni wọ́n ti ya á, òdòdó pupa ṣì hàn lára rẹ̀ lábẹ́ ọ́ìlì. Abẹ́ àga awakọ̀ ló máa ń ká a sí.

Ọkùnrin tó wá ra ọkọ̀ náà kó owó wá nínú ọ̀rá dúdú. Ó fi ẹsẹ̀ ta táyà. Ó ní bọ́dì ti jẹ. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì kò mu ọ́ìlì. Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti fi ojú ara mi rí ibi tí ọ́ìlì dé lára ọ̀pá lówurọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ń retí kí bàbá mi sọ fún un. Kò sọ ọ́. Ó wo ilẹ̀, ó gba owó tí wọ́n fún un, kò kà á. Ọkùnrin náà tan ọkọ̀, ó ń bọ́ sí títì. Ìgbà náà ni bàbá mi rí i pé àkísà náà wà lọ́wọ́ òun. Ó sáré. N kò rí i kí bàbá mi sáré rí títí di ọjọ́ yẹn. Ó sáré tọ ọkọ̀ náà dé orí títì, ó na àkísà náà sókè, ó ń jù ú bí ẹni tó ń dágbére. Ọkọ̀ náà yà sápá òsì, ó lọ. Ojú tì mí nígbà náà, pé bàbá mi ń sáré tẹ̀ lé àlejò nítorí ẹ̀já aṣọ. Kí ni ọkùnrin náà yóò fi ṣe?

Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo dúró pẹ̀lú àpò ọ̀dùnkún lọ́wọ́ ní Kent, èsì ìbéèrè yẹn sì dé. Bí ọkùnrin náà bá wẹ̀yìn, àkísà yẹn ì bá sọ fún un pé lójoojúmọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí kan ṣoṣo ni bàbá mi fẹ́ kó mú lọ pẹ̀lú ọkọ̀. Owó ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ọjà ti parí, kò sí iye kan tó ń retí lé e lórí.

Mo ro ó síwá, mo ro ó sẹ́yìn nípa £1,500 yẹn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ dá a padà. Ó ní, "Ṣé wọ́n ní ẹ jẹ wọ́n ní gbèsè ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ má fi owó bu bàbá náà kù, ẹ jọ̀ọ́." Òtítọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá fi owó ránṣẹ́, àfi bí ẹni pé mo ti wọn fíltà mọ́kànlá, mo sì ti rí iye wọn. N kò dá a padà. Síbẹ̀, n kò lè sọ pé ara mi balẹ̀.

Ọjọ́ tí mo wà á bọ̀ wálé, òpópónà ṣófo. Awọ ìdarí ọkọ̀ náà ti dán ní ibi méjì, ní apá ọ̀tún àti apá òsì lókè, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń wà. Ọwọ́ tèmi bọ́ sí ojú ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Agbára ẹṣin 300 ló wà lẹ́yìn mi, ó ń kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí àgbà ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ yí padà, inú mi sì dùn débi pé mo pariwo nínú ọkọ̀ lémi nìkan. N kò gbàgbé ayọ̀ yẹn.

Kò pẹ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo owó. Owó 996 ti ń gòkè, àwọn tó bú ojú rẹ̀ ti ń wá a kiri. Mo yá ìsọ̀ kan tí mò ń gbé e sí, mo ra aṣọ tí a fi ń bo ọkọ̀, mo ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn oníbánidófò kí wọ́n lè gba iye tí mo ní ó tó. Bí òjò bá rọ̀, mo ní kí n má gbé e jáde. Ní òtútù, wọ́n ń da iyọ̀ sí ojú títì, mo ní iyọ̀ á jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo ní máìlì tó bá gorí rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò mọ́. Mo máa ń lọ wò ó ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀ níwájú, mo máa ń wo ojú rẹ̀, mo máa ń bò ó padà.

Ọdún kan pé, mo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ fúnra mi. Mo fi ọ̀bẹ gé bébà fíltà, mo jẹ́ kó ro mọ́jú, mo tú ìṣẹ́po rẹ̀ sí iná. Ó mọ́. Kò sí ohun tó ń dán. Mo kọ ọjọ́ sára ọ̀rá, mo kọ máìlì, mo sì rí i pé kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí yóò yé. Ni mo bá pe Whitstable.

Ó pẹ́ kó tó gbé e. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ohùn rẹ̀ sì tújú ká. Mo ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá. Mo ti pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo tú fíltà wò, ó mọ́ tónítóní."

"Mo mọ̀ pé á mọ́," ó ní. "Máìlì mélòó ló wà lójú rẹ̀ báyìí?"

Mo sọ ọ́ fún un. 112,640.

Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Mò ń gbọ́ igbe ẹyẹ òkun lẹ́yìn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń yọ iye kan kúrò nínú iye kan, ó ń fi oṣù pín in.

"O ò wà á tó," ó ní.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ sí ìsọ̀ náà. Òjò ń rọ̀. Mo ká aṣọ náà kúrò látòkè délẹ̀, mo tan ọkọ̀, mo yọ sí títì.